Ẹja Tó Kú Sómi Lọ́wọ́ Mi

Ènìyàn a máa kú sómi. Ewúrẹ́ a máa kú sómi. Adìyẹ tó bá já sí kànga, ọbẹ̀ àìròtẹ́lẹ̀ ló dà yẹn. Ṣùgbọ́n èmi Déhìndé, ọmọ téélọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi ni mo mú kí ẹja kú sómi. Kì í ṣe ẹyọ kan o, odidi ìkòkò ni. Mo bu omi lé wọn lórí, mo dé wọn pa, mo gbé ọmọ ọlọ lé ọmọrí, mo sì lọ sùn bí ẹni tó ṣe iṣẹ́ rere.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ronú irú iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Iṣẹ́ ìjẹ ni mo ṣe títí orúnkún mi fi ní òun ò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ìjẹ ni ohun tí à ń fi sẹ́nu ìwọ̀ kí ẹja ńlá lè gbé e mì. Àwọn kan ń lo ekòló, àwọn kan ń lo ọṣẹ ìfọṣọ, àwọn mìíràn ń lo ìfun adìyẹ. Tèmi ni ìjẹ ààyè. Ẹja tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú àbàtà wa, ó gùn bí okùn, orí rẹ̀ jọ ti ejò, ó ń wọ́ bí ejò, awọ rẹ̀ sì le bíi ti ejò. Àwa tí à ń fi í ṣiṣẹ́ ń pè é ní ẹja-ejò. Àrọ̀ tó ti gbó sínú ibú, tó ti gbọ́n débi pé ó ń wo ekòló kó tó jẹ ẹ́, bó bá rí ẹja-ejò tó ń ṣe bìrí lójú omi, gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ tán nìyẹn.

Iṣẹ́ tó dára ni. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ fún èmi: mo bẹ̀rù ejò. Kì í ṣe ìbẹ̀rù tí ènìyàn lè fi pa mọ́. Bí okùn bá wà nílẹ̀ ní àgbàlá wa, àwọn àbúrò mi á kọ́kọ́ wo ojú mi, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Ejò kankan ò bù mí jẹ rí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí alángbá, á sá. Èmi ò dúró de kí ó kọ́kọ́ bù mí ṣán ní tèmi.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn. Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni. Mo ti jáde ní ilé ìwé Módà, èyí tó tẹ̀ lé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, ìwé náà ò sì gbé mi dé ibì kan. Bàbá mi ní kí n wá jókòó ti màṣíìnì ìránṣọ. Mo ní ẹ̀yìn ń dùn mí. Irọ́ ni, ìjókòó ni mi ò fẹ́. Ó ní oníbàárà kan tó ń bá a rán aṣọ Iléyá, apẹja ni, Bàbá Lámídì lorúkọ rẹ̀, létí odò ní ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ibẹ̀ ló mú mi lọ. Àdéhùn wọn kò ju gbólóhùn kan lọ: nígbà kẹta tí omi bá fà, ìyẹn ní ọdún kẹta, bàbá mi á padà wá béèrè bóyá mo ti mọ iṣẹ́. Bí mo bá mọ̀ ọ́n, kí Bàbá Lámídì dá mi sílẹ̀ kí n máa dá iṣẹ́ ṣe. Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, kí n padà sídìí màṣíìnì.

Kò sẹ́ni tó sọ ti ẹja-ejò fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, Bàbá Lámídì nawọ́ sí ìkòkò ńlá kan tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ọrùn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ó ní, "Tọwọ́ bọ inú ẹ̀, mú ọ̀kan wá." Mo ṣí i. Mo wò ó. Ohun tí mo rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo ti wà lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì ò sí. Mò ń gbọ́ ohùn Ìyá Rámọ́tà, ìyàwó Bàbá Lámídì, nídìí agbada gàrí rẹ̀.

"Ẹ gbà mí! Bàbá Lámídì, èyí tí wọ́n gbé wá kọ́ṣẹ́ ti ń lọ o!"

"Jẹ́ kó máa lọ. Ebi á dá a padà."

Wọn ò tíì kírun Làásárì tí ebi fi dá mi padà. Ìyá Rámọ́tà bu gàrí fún mi, ó sì sọ mí lórúkọ tí gbogbo etí odò ń pè mí títí di òní: Sáfẹ́ja.

Bàbá Lámídì kì í na ọmọ iṣẹ́. Ì bá sàn kó máa nà mí. Bí o bá ṣe nǹkan tí kò dáa, kò ní sọ̀rọ̀, á kàn da gbogbo rẹ̀ nù, á wá máa wò ọ́ títí wàá fi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí mo bá pọn omi kànga fún àwọn ẹja, á dà á nù. Ó ní omi odò tí wọ́n ti mú wọn ni wọ́n mọ̀, omi ẹ̀rọ ńkọ́, ikú ni. Bí mo bá fi ọṣẹ fọwọ́ kí n tó débẹ̀, á rán mi padà kí n lọ fi ẹrẹ̀ fọ ọwọ́. Àràárọ̀, tí ó bá ti kírun Àsùbá tán, ni à ń pààrọ̀ omi. A kì í bu omi kún ìkòkò dé ẹnu. Ìbú ọwọ́ kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù lókè láàárín omi àti ọmọrí. Ìko ni wọ́n fi hun ọmọrí náà, ihò rẹ̀ ò gba orí ẹja, àmọ́ ó gba atẹ́gùn. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń ki ọwọ́ rẹ̀ bọ ẹnu ìkòkò ní ìbú láti wọn àyè yẹn.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, kí nìdí tí a fi ń fi àyè yẹn sílẹ̀?"

Ó ní, "Nítorí pé mo ní kí o fi í sílẹ̀."

Ọ̀gá ayé ìgbà yẹn nìyẹn. Wọ́n á kọ́ ọ ní iṣẹ́, wọn ò ní kọ́ ọ ní ìdí rẹ̀. Mi ò sọ pé ó dáa, mo kàn ń sọ ọ́ bó ṣe rí ni.

Ibi tó ti ṣàlàyé fún mi dáadáa ni bí a ṣe ń dá ẹja-ejò mọ̀ yàtọ̀ sí ejò, torí pé inú koríko kan náà làwọn méjèèjì ń gbé, ìgèrè kan náà ló sì ń mú wọn. Ó ní, "Fìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ìrù lọ sókè. Bí o bá kan ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó tò bí eyín ayùn, ẹja ni. Mú un."

"Bó bá wá ń yọ̀ ńkọ́, Bàbá?"

"Bó bá ń yọ̀, ìwọ kọ́ lo mú un. Òun ló mú ẹ."

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi í sí ìwọ̀ pẹ̀lú: awọ ẹ̀yìn nìkan ni ìwọ̀ gbọ́dọ̀ gbà kọjá, kò gbọ́dọ̀ kan eegun. Ìjẹ tó bá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ á pe àrọ̀ wá. Èyí tó bá ti kú, akàn ló ń pè. Gbogbo rẹ̀ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, àfi kí n fi ọwọ́ lásán mú ẹja náà jáde nínú ìkòkò. Igbá kékeré ni mo fi ń gbọ́n wọn. Bàbá kàn ń wò mí. Ìyá Rámọ́tà ló ń sọ ọ́ fún un: "Sáfẹ́ja ń bu ọbẹ̀ o!"

Ọdún kẹta ni mo wá pa wọ́n. Ọdún tí àwọn ológun ní kí gbogbo ayé máa tò sórí ìlà ni. Òjò ń sinmi lọ́wọ́, àsìkò tí àwọn àrọ̀ ńlá ń jáde láti inú ibú nìyẹn, Bàbá sì ti ń kó ìjẹ jọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìkòkò kún ju bó ṣe ń kún lọ. Wọ́n wá kéde òkú àna rẹ̀ kan ní Ayépé, ó sì ní láti sùn níbẹ̀. Ó fi ìkòkò lé mi lọ́wọ́.

Kí ẹ tó bú mi, ẹ gbọ́ eléyìí. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mi ò de ọmọrí dáadáa, ẹja kan sì jáde. Ẹja yẹn lè wọ́ nílẹ̀ tútù. Orí ẹní mi ló wọ́ dé. Mi ò ní sọ irú igbe tí mo ké, ẹ ṣáà mọ̀ pé orí àpò gàrí Ìyá Rámọ́tà ni mo sùn títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí. Nítorí náà, bí Bàbá ṣe lọ tán, mo jókòó mo ro ó pẹ̀lú ọgbọ́n Módà mi. Mo ní: àyè òkè yẹn ni wọ́n fi ń gbé orí sókè kí wọ́n tó jáde. Bí àyè ò bá sí, orí ò ní sókè. Ẹja sì ni wọ́n, ṣé omi a máa pọ̀ jù fún ẹja ni? Bí mo ṣe bu omi kún un dé ẹnu nìyẹn. Mo yọ ọmọrí ìko, mo fi àwo tánńganran Ìyá Rámọ́tà dé e gbọn-in, mo gbé ọmọ ọlọ lé e. Oorun tí mo sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, n kò sun irú rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀, mo ṣí i. Àwọn náà ti tò sórí ìlà bí ìjọba ṣe wí, gbogbo wọn kọjú ikùn sókè.

Bàbá dé lọ́sàn-án. Ó wo inú ìkòkò pẹ́.

"Déhìndé."

"Sà."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Omi ni, sà."

Ìyá Rámọ́tà tó ń bọ̀ wá kí i káàbọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ré lórí rẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ibi tí omi àti ẹnu ìkòkò ti pàdé.

Ó ní, "Àyè tí o bi mí nípa ẹ̀ lọ́jọ́sí, ibí yìí ni wọ́n ti ń mí. Ẹja yìí kì í mí nínú omi nìkan, ó ń gòkè wá mí atẹ́gùn bí èmi àti ìwọ. O dí imú wọn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, iṣẹ́ wà. Ó wá ṣe ìdájọ́ rẹ̀, kò pariwo rárá: "Bí omi bá fà, bàbá ẹ ń bọ̀. Ìkòkò yìí ti ṣófo, ọwọ́ ẹ ló máa kún un. Ọwọ́ o, kì í ṣe igbá. Lọ́jọ́ tí bàbá ẹ bá dé, tí mo bá rí ẹja ààyè níbẹ̀, mo dá ẹ sílẹ̀. Tí mi ò bá rí i, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ. Mi ò ní fi ìjẹ lé ẹni tó ń bẹ̀rù ìjẹ lọ́wọ́."

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọkàn mi bà jẹ́. Èmi tí mo sá lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́! Mo ti rò pé odò ló ń dá mi dúró títí màá fi rí iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n mo rántí bí okùn ṣe máa ń fà lọ́wọ́ ènìyàn láàárọ̀ nígbà tí kùrukùru ò tíì ká, tí o ò sì mọ ohun tó wà nísàlẹ̀. Mo tún rántí yàrá téélọ̀ àti òórùn irin tó ń gbóná lórí aṣọ. Mo mọ̀ pé bí mo bá padà síbẹ̀, mi ò ní jáde mọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ ìgèrè sínú koríko àbàtà. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, mo fi aṣọ di ọwọ́ mi dé ìgbọ̀nwọ́. Bàbá, tó ń ti ọkọ̀ lẹ́yìn, bojú wò ó. "Ṣọ́ọ̀ṣì wo lọwọ́ ẹ ń lọ tó fi múra báyìí?" Mo tú aṣọ náà. Mo di ojú, mo tọwọ́ bọ ìgèrè, mo tọ ẹ̀yìn ohun tí mo bá níbẹ̀. Eyín ayùn. Mo fà á jáde, mo sì jù ú sínú korobá bí ẹni tó ju ẹ̀yinná. Ìyẹn di méjì. Ó di mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara mi yangàn, mo ní, "Bàbá, ó ti tán, mi ò bẹ̀rù mọ́."

Ìgèrè tó tẹ̀ lé e ni mo tọwọ́ bọ̀.

"Bàbá."

"Kí ló dé?"

"Ó ń yọ̀."

"Ó ń yọ̀ dáadáa?"

"Bí ọṣẹ, sà."

"Má mira. Yọ ọwọ́ ẹ bí ẹni tó ń yọ ọ́ nínú àpò olówó."

Mo yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa jẹ́jẹ́ ni mo lò tán níbẹ̀. Bí ìka mi ṣe jáde báyìí, mo fò, ọkọ̀ dojú dé, àti èmi àti Bàbá àti korobá ni a jọ bọ́ sómi. Mò ń pariwo pé mò ń kú lọ, ẹ bá mi sọ fún màmá mi. Mo la ojú, mo rí Bàbá tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fìlà rẹ̀ ń kán omi.

Ó ní, "Dìde dúró."

Mo dìde. Omi náà ò kọjá ìdodo mi. Ejò ti gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ó ṣeé ṣe kí òun náà máa sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìbẹ̀rù mi ò tán lọ́jọ́ náà, kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ìbẹ̀rù a máa tán. Àárẹ̀ ló ń mú un. Bí mo bá ń tọwọ́ bọ ìgèrè lójoojúmọ́, ọkàn mi ń lù, àmọ́ ọwọ́ mi ò dúró de ọkàn mọ́. Ìkòkò ń kún díẹ̀díẹ̀. Mo mú ọ̀kan nínú wọn, mo fi sí ìwọ̀ nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, okùn ti ká mọ́ gbòǹgbò, àrọ̀ kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ gùn ju ti Lèmọ́mù wa lọ. Ìyá Rámọ́tà fi se ìkọ́kọrẹ́. Bàbá jẹ orí rẹ̀ tán, ó lá ìka, èmi sì ń retí pé yóò ní mo mọ iṣẹ́.

Ó ní, "Ẹja yìí dùn. Ìkòkò ńkọ́?"

Torí pé ìkòkò niṣẹ́ náà. Ibi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Pípa ẹja ńlá, ọjọ́ kan ni. Títọ́jú ìjẹ, ojoojúmọ́ ni. Láti ìgbà yẹn wá, irinṣẹ́ ti yí padà lójú mi. Okùn náílọ́ọ̀nù lé okùn òwú lọ, ẹ́ńjìnnì dé, àjẹ̀ di ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré. Èmi fúnra mi ra dúrọ́ọ̀mù ike, mo gbé e sí oòrùn láìronú, omi ibẹ̀ sì gbóná débi pé ata ló kù kó di ọbẹ̀. Mo rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi bíi ti ìkòkò, ó sì dáa. Àwọn olùkọ́ láti Ìjagun ń wá ra ìjẹ lọ́wọ́ mi ní Sátidé, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ tó ń ká okùn fúnra rẹ̀. Ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi wá fún mi. Mo gbà á, ó wúlò. Síbẹ̀, ike ni o, ẹ̀rọ ni o, ìbú ọwọ́ kan ni mò ń fi sílẹ̀ lókè, ọjọ́ kan ò sì yẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Bàbá mi ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́la. Ìkòkò kún fún ẹja ààyè, ọmọrí ìko wà lórí rẹ̀, gbogbo nǹkan wà létòlétò. Mo wà nínú ilé tí mò ń di ẹrù mi bóyá mo máa lọ tàbí n ò ní lọ, ni òjò àkẹ́yìn bá ya wálẹ̀ lójijì. Kì í ṣe òjò kékeré. Ojú àgbàlá di odò lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo rántí ọmọrí ìko. Ó ń gba atẹ́gùn, á sì gba òjò.

N kò mọ bí mo ṣe dé abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Omi ti dé ẹnu ìkòkò, ó ń kún bọ̀, àwọn ẹja ń fi orí kan ìko láti wá èémí. Mo wá igbá, n kò rí i. Mo fa ọmọrí kúrò, mo bo ẹnu ìkòkò pẹ̀lú àyà mi kí òjò má bàa wọlé, mo ti apá méjèèjì bọ inú rẹ̀, mò ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọ́n omi jáde. Wọ́n ń yí mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ń gba abẹ́ apá mi kọjá, ọ̀kan gùn mí dé èjìká, mo mú un, mo dá a padà. Mò ń bá wọn sọ̀rọ̀: "Ẹ ní sùúrù, ẹ ní sùúrù, ó ń bọ̀." Títí òjò fi dá ni mò ń gbọ́n.

Nígbà tí mo gbójú sókè, Ìyá Rámọ́tà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Sáfẹ́ja."

"Mà."

"Ọwọ́ ta ló wà nínú ìkòkò yẹn?"

Mo wo ọwọ́ mi. Ìgbà náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé mò ń bẹ̀rù, ó ti pẹ́ jù. Ìbẹ̀rù náà dé, ó bá iṣẹ́ ní píparí.

Ọjọ́ kejì, bàbá mi dé. Ó ti mú àpò òfìfo kan wá fún ẹrù mi, ó ti mọ irú ọmọ tó bí. Ó kí Bàbá Lámídì, wọ́n fún un lómi, ó mu ún, kò fepo bọyọ̀ rárá.

"Bàbá Lámídì, àdéhùn wa ti pé. Ọmọ mi ńkọ́? Ṣé ó mọ iṣẹ́ ni, àbí kí n máa mú un lọ? Ẹ má tijú mi o, ìjókòó rẹ̀ ṣì wà nídìí màṣíìnì."

Bàbá Lámídì dìde, ó rìn lọ sábẹ́ igi, àwa méjèèjì tẹ̀ lé e, Ìyá Rámọ́tà náà fi agbada gàrí sílẹ̀. Ó gbé ọmọrí kúrò. Ó na ọwọ́ rẹ̀ ní ìbú, ó tì í bọ ẹnu ìkòkò, láàárín ibi tí omi dé àti ibi tí ọmọrí ń jókòó sí. Ọwọ́ náà wọlé, kò fún, kò sì ṣẹ́ kù. Orí kékeré kan yọ sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀, ó la ẹnu, ó padà sísàlẹ̀. Òmíràn yọ.

Ó fi ọmọrí dé e padà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ.

"Téélọ̀," ó ní, "ẹ máa lọ sídìí màṣíìnì yín. Ẹja ń mí."